Alẹ́ẹ̀tì Kì Í Ṣe Ìwé Ìṣirò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Nàìjíríà

Sí Ọlọ́lá Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Nàìjíríà, àti sí gbogbo àwọn ọ̀gá tí ètò ìsanwó wà lábẹ́ àkóso wọn,

Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà yìí gbé wá dá lórí iṣẹ́ kan tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń fi apá tó pọ̀ nínú alẹ́ wọn ṣe, èyíinì ni ṣíṣe ìṣirò owó tó wọlé, owó tó jáde, àti owó tó ṣì wà lọ́rùn àwọn tó ra ọjà àwìn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àwọn tó ń ṣe ètò orí fóònù ti ń sọ fún ọlọ́jà pé ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa kọ ọ́, kí ó máa rò ó pọ̀, kí ó sì máa fi àbọ̀ jẹ́ ẹ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún mú bírò dání. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ máa fi ṣiṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọwọ́ báńkì ló wà, bó sì ṣe wà níbẹ̀ báyìí, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí kò fi yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ètò orí fóònù, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ ló gbà lọ tààrà.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n ṣe ni èyí tó ń wáyé ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, tí kò sì gba ìrònú: dídà iye owó kọ láti ojú fóònù sínú ìwé, ṣíṣe àròpọ̀, fífi ohun tí ìwé sọ wé ohun tí báńkì sọ, kíkọ rìsíìtì, àti rírán oníbàárà létí ọjọ́ tó ṣèlérí láti sanwó. Alájọ ti mọ èyí tipẹ́. Káàdì alájọ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iye kan náà ni oníbàárà ń dá lójoojúmọ́, alájọ kò sì ní láti kọ ju àmì kan lọ sí ojú kan, nítorí pé iye tí oníbàárà ń dá ti wà lókè káàdì. Bí oṣù bá parí, wọn yóò ka àmì, wọn yóò yọ ti ọjọ́ kan tó jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ, wọn yóò sì san ìyókù. Ẹni tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lónìí, nítorí ó ti yọ ìrònú kúrò nínú kíkọ, ohun tó sì jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un ni pé àmì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn olùṣirò owó tún ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní kíkọ lẹ́ẹ̀mejì, tí Luca Pacioli ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice ní 1494: owó yòówù tó bá yí ipò padà, ibi méjì ni wọn ń kọ ọ́ sí, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ, kí àṣìṣe lè fara hàn bí apá méjèèjì kò bá dọ́gba. Ìyá ọlọ́jà kò ráyè kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ráyè. Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè kọ ibi tí owó ti wá bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

Báńkì Àpapọ̀ kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ìlànà dídín lílo káàṣì kù ní Èkó ní 2012. Òun náà ló pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 ní ìparí 2022, tí owó tuntun kò sì kárí, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ọlọ́jà tí kò ní nọ́ńbà àkáǹtì tó lè lẹ̀ mọ́ iwájú ìsọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọjà tà. Kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí, àwọn tó ń ta ata àti àwọn tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tráńsífà. Káàṣì padà sígboro, ṣùgbọ́n tráńsífà kò kúrò lọ́jà mọ́. Wọ́n kó owó lọ sórí fóònù, wọn kò kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Oníbàárà ti ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta, ó ti tẹ fóònù, ó sì ń fi ojú fóònù han ọmọbìnrin tó ń bá ìyá tajà pé owó ti lọ. Ọmọbìnrin náà kò lè gbà á gbọ́, nítorí pé ayédèrú alẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, ti gbòde, àwòrán lásán kò sì tó ẹ̀rí mọ́. Fóònù tí alẹ́ẹ̀tì tòótọ́ ń wọlé sí wà lọ́wọ́ ìyá, ìyá sì ti lọ síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ó pè é: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé alẹ́ẹ̀tì ti wọlé?” Ìyá ní kó ní sùúrù, pé nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège. Oníbàárà dúró, ọ̀rá ẹ̀wà wà láàárín àwọn méjèèjì lórí tábìlì, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán, ìyá yóò jókòó ti agolo tí wọ́n ń sọ káàṣì sí, ìwé eléwé ogójì tí wọ́n fi okùn so bírò mọ́, àti fóònù tí alẹ́ẹ̀tì ti tò lọ jàra lójú rẹ̀, yóò sì máa bi ọmọ náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló san èyí, kí ló fi rà, ṣé gbèsè ọjọ́sí ni àbí ọjà òní. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ìṣirò owó dá lé, alẹ́ẹ̀tì kò sì dáhùn èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun tí alẹ́ẹ̀tì ń sọ ni iye owó, àkókò, àti orúkọ tí ẹni tó sanwó fi ṣí àkáǹtì. Orúkọ yẹn gan-an ni wàhálà. Ní ọjà Yorùbá, orúkọ tí wọ́n mọ oníbàárà sí kì í sábà jẹ́ èyí tó wà ní báńkì: Ìyá Ìbejì ni, tàbí Alhaja Olóúnjẹ, tàbí Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, tàbí “ìyàwó pásítọ̀ ojúlé kẹta”. Irú orúkọ báwọ̀nyí ló kún inú ìwé eléwé ogójì, nítorí pé kò bá àṣà mu kí ọmọ ọjà máa pe àgbà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rárá. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2014 láti so ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú ènìyàn mọ́ gbogbo àkáǹtì tó ní, jẹ́ kí báńkì mọ ẹni tó ni owó dájúdájú. Kò jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, owó Ìyá Ìbejì lè ti àkáǹtì ọkọ rẹ̀ wá lónìí, kó ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì wá lọ́la, kó sì ti ọ̀dọ̀ oní-POS ẹ̀bá títì wá lọ́túnla. Àyè kan wà tí ẹni tó ń sanwó lè kọ ìdí tó fi sanwó sí, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi í sílẹ̀ lófìfo, àwọn mìíràn ń kọ “ok”, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò yé ẹnikẹ́ni ni báńkì fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó gbọ́n jù láyé síwájú irú alẹ́ẹ̀tì yìí, ọmọbìnrin inú ìsọ̀ yẹn ṣì mọ̀ jù ú lọ, nítorí òun rí ojú oníbàárà.

Ojútùú rẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Báńkì Àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Brazil fúnra rẹ̀ ló dá ètò ìsanwó tí wọ́n ń pè ní Pix sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2020. Nínú ètò náà, ẹni tó ń tajà lè ṣe QR, ìyẹn àwòrán onígun mẹ́rin aláwọ̀ dúdú àti funfun tí fóònù ń kà, fún ọjà kan ṣoṣo. Iye owó ọjà náà àti nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan wà nínú àwòrán náà, nọ́ńbà yẹn sì ń bá owó rìn títí owó yóò fi dé àkáǹtì ẹni tó tajà. Bí owó bá ti balẹ̀, ẹ̀rọ ọlọ́jà ti mọ ọjà tó wà fún, nítorí pé nọ́ńbà ló ń wò, kò wo orúkọ. Nàìjíríà náà ní irú àwòrán yìí: NIBSS, iléeṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù jọ ni, tó ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn, gbé NQR jáde ní 2021. Àwọn iléeṣẹ́ ìsanwó kan tún ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, tó jẹ́ pé inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ń já sí, kí ó lè hàn láti ara nọ́ńbà ẹni tó sanwó. Ọgbọ́n méjèèjì dára, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ohun tí ìyá onígàrí ní ni nọ́ńbà àkáǹtì kan ṣoṣo tí wọ́n fi máákà kọ sára páálí.

Nítorí náà, ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè ṣáájú ohun gbogbo ni pé kí Báńkì Àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan pé tráńsífà tó bá wọ àkáǹtì oníṣòwò lè gbé nọ́ńbà ọjà dání, pé báńkì kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nọ́ńbà náà sọnù lójú ọ̀nà, pé alẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ lè wọ fóònù ọmọ ọjà láì jẹ́ kí ọmọ náà rí iye tó kù nínú àkáǹtì ọ̀gá rẹ̀. Ìdí kékeré tó ń pa òwò lára ni ti iye tó kù yìí: ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìyá gbé fóònù sílẹ̀ ní ìsọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí fún un.

Àkọsílẹ̀ owó náà tún ní ẹni tó ni ín. Ní 2021, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tó pè ní open banking, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé bí oníbàárà bá fọwọ́ sí i, báńkì yóò jẹ́ kí ètò mìíràn tí oníbàárà yàn rí àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tó tọ́ tó sì ní ìṣọ́. Ní 2023, wọ́n tún gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde lórí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ. Ìlànà tó mọ́yán lórí ni. Níbi tí kò bá ti dé, ọ̀nà méjì ló kù fún ọlọ́jà tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun ṣe ìṣirò. Ó lè gba ìwé àkáǹtì oṣù kan gbáko lọ́wọ́ báńkì, kí ó wá máa fi ọwọ́ dà á kọ, tó túmọ̀ sí pé ọlọ́jà ló di òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ. Tàbí kí ó gba ètò orí fóònù láyè láti máa ka gbogbo SMS tó wọlé sí i, títí kan nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kí owó tó lè jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àlejò lọ́wọ́ nítorí pé àlejò fẹ́ ka iye àga tó wà ní pálọ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ rí i dájú pé ọ̀nà tó ní ìṣọ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní àkáǹtì kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì jẹ́ pé bí òfin bá yí, báńkì ni yóò kọ ìyípadà náà sínú àkọsílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí tráńsífà tó bá tó ₦10,000: ẹni tí owó wọlé fún ló ń san án tẹ́lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 ó di ti ẹni tó fi owó ránṣẹ́, ìwé ìṣirò tí kò bá sì gbọ́ nípa ìyípadà yìí yóò máa fi ₦50 ṣìnà lójoojúmọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó-orí kò ní pẹ́ yọjú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹni pé kò rí i. Ẹ̀rù owó-orí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò fi fẹ́ kí nǹkan wà lákọsílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí oníbàárà kọ “ẹ̀bùn” sí ibi ìdí ìsanwó, ó sì rò pé òun gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, òfin owó-orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ti fi àyè sílẹ̀ fún àwọn kéékèèké. Iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kò ní san owó-orí lórí èrè. Ẹni tó sì ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí owó-orí kàn lọ́dún ni owó-orí kò kàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun wà lábẹ́ ààlà yìí gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi hàn. Àkáǹtì ìyá onígàrí kún fún owó tí kì í ṣe ti ọjà: àjọ tó kó, owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kánádà, owó aṣọ ẹbí tó ń bá àwọn ará ilé gbà. Èyí tó sì jẹ́ ti ọjà nínú rẹ̀, orí ẹrù tuntun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń padà lọ, tó jẹ́ pé ẹni tí ₦40 mílíọ̀nù gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá lọ́dún lè má rí ₦2 mílíọ̀nù mú nílẹ̀. Àkáǹtì olórúkọ iléeṣẹ́ ì bá yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìwé CAC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì ní in. Kí báńkì fún ẹni tí kò ní in ní àpò kejì lábẹ́ orúkọ rẹ̀ kan náà, tó jẹ́ pé owó ọjà nìkan ni yóò máa wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ yóò rí nǹkan kà, ìyá náà yóò sì rí nǹkan fi gbèjà ara rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn, ó sì dára kí Báńkì Àpapọ̀ mọ̀ wọ́n kí ó tó fọwọ́ sí ètò ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ni ẹ̀nì. Kò sí ẹni tó ń ta gàrí ní Bódìjà tó lè wọn kóńgò kan kó máà fi ìkúnwọ́ kan lé e, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Àpò tó yẹ kó mú iye kóńgò kan jáde yóò dín nígbà tí wọ́n bá tà á tán, ètò tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀bù ìlú mìíràn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan sọnù, ojú ọmọbìnrin tó ń tajà ni ọ̀gá yóò sì kọ́kọ́ wò. Ẹ̀nì kì í ṣe àdánù, owó ìpolówó ọjà ni, ó sì yẹ kí ó ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé.

Èkejì ni sísin gbèsè, ó sì le ju ti ẹ̀nì lọ. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ẹni tí ọ̀ràn gbèsè bá sú máa ń gba ológò lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú, ológò yóò sì lọ dógò ti onígbèsè, yóò jókòó sílé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi sanwó. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ti sọ ìwà yìí di iṣẹ́ ẹ̀rọ: ètò wọn ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ìyàwó, sí ọ̀gá iṣẹ́, àti sí àna rẹ̀. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní láti gbé ìlànà jáde lé wọn lórí ní 2022, òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni sì tẹ̀lé e ní 2023. Ológò àtijọ́ tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí ojúlé kan ló ń jókòó sí lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó rán an níṣẹ́ sì ń bẹ nílùú tí wọ́n lè pè é padà. Kí ẹ̀rọ rán ìyá létí pé Alhaja Olóúnjẹ jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ni yóò pinnu bóyá òun yóò pè é lórí fóònù, tàbí òun yóò dúró di ìgbà tí ìsìnkú bàbá rẹ̀ bá kọjá.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù. Ní Íńdíà, àpótí kékeré kan ń wà lórí tábìlì ọlọ́jà, tó ń fi èdè ìbílẹ̀ kéde iye owó bó bá ṣe ń wọlé, oníbàárà ń gbọ́, ẹni tó ń tajà náà ń gbọ́. Irú rẹ̀ ì bá ti dá ọmọbìnrin Bódìjà nídè lọ́wọ́ ìdúró yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó sọ Yorùbá, kí wọ́n bi ọlọ́jà léèrè kí wọ́n tó lọ bi àwọn onímọ̀ èdè, nítorí pé ìgbà owó ẹyọ ni ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ti wá, ẹni tó sì ń ta ìrẹsì lónìí lè máà mọ iye tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ bí àpótí bá pariwo rẹ̀ láàárín ọjà.

Kí àṣẹ tuntun mìíràn tó jáde lórí ìsanwó, lẹ́tà yìí ń bẹ Báńkì Àpapọ̀ pé kí ó rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ lo ètò tí àṣẹ náà dá lé nínú ọjà gidi, ní ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù tí èrò máa ń pọ̀, láàárín agogo márùn-ún sí agogo mẹ́jọ alẹ́, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí ń lọ sí Nigeria Revenue Service, àjọ tó rọ́pò FIRS nínú gbígba owó-orí, àti sí SMEDAN, àjọ tí ọ̀rọ̀ àwọn òwò kéékèèké wà níkàáwọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpò kejì tí lẹ́tà yìí dá lábàá kan àwọn méjèèjì.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín,

Òǹkọ̀wé